Ẹyin Tó Pọ́n Nínú Fíríìjì

Yàrá kékeré nílé iṣẹ́ òróró. Òórùn imí ọjọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Olóróró ti ń yẹ òróró kóró òwú wò: á bu díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, á pò ó mọ́ imí ọjọ́, á gbé e sínú omi gbígbóná. Tó bá pọ́n, ásíìdì olórùka, irú ọ̀rá kan tó ń ba ẹyin jẹ́, ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rá dà bí ẹ̀wọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ òróró, ẹ̀wọ̀n náà kàn gùn lọ ni. Nínú ti òwú, àwọn kan ká kò láàrin, wọ́n ní òrùka kékeré. Iná líle ló ń já òrùka náà. Bí adìyẹ bá jẹ ẹ́ kí iná tó já a, funfun ẹyin rẹ̀ á pọ́n tó bá pẹ́ nínú òtútù.

Ó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó gbé àṣẹ́kù kóró òwú, tí òróró ṣì wà lára rẹ̀, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sin adìyẹ. Màlúù ló yẹ kó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń ráhùn pé oúnjẹ adìyẹ wọ́n, àbúrò sì ń wá ìyìn. Òróró ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn oníbàárà wá ń dá ẹyin tó ti pẹ́ nínú fíríìjì wọn padà. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é títí. Ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tó yọjú, ẹ̀gbọ́n fọ́ ẹyin kan sínú àwo. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran.

"Àbúrò mi, wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó ọmọ mi!"

"Màmá, oúnjẹ tí ẹ kó fún mi náà ni mo fún wọn." Ìyàwó ọmọ náà, tó ń bọ́ àwọn adìyẹ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

"Pa ẹnu ẹ dé! Ọ̀bùn. Lọ di ẹrù ẹ. Ilé bàbá ẹ lo máa sùn lónìí."

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka ẹlòmíràn ni wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ dè yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Má bá mi bẹ̀bẹ̀ o."

"Oúnjẹ tí mo gbé wá ni."

Ẹ̀gbọ́n gbé àwo sílẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó ń yẹ òróró wò fún gbogbo ayé?"

"Mo mọ̀. Mo sì gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìyàwó, gbé ṣọ́bìrì yẹn fún un. Kó lọ kó gbogbo oúnjẹ yẹn kúrò nílé adìyẹ, kó dà á nù."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ rọra o. Ibẹ̀ ń yọ̀."

Ó gba ṣọ́bìrì. Kò lè wojú rẹ̀.