Táyà Tí Mo Rán ní Tchamba

Mo kúrò ní Kambolé kí ilẹ̀ tó mọ́, kété tí a kírun àsùbáà tán. Ìyá mi fi tọ́ọ̀ṣì tàn mí dé ojú ọ̀nà, ó ní, "Má bá ẹnikẹ́ni sáré o," ó sì padà sílé. Mo gbé gààrì díẹ̀, ẹ̀pà sísun àti ìgò omi méjì sínú àpò. Mo so ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn kékeré mọ́ ara kẹ̀kẹ́. N kò tíì lọ sí Sokodé lórí kẹ̀kẹ́ rí.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ló yá mi. VTT ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti ọ̀nà olókùúta. Òun ni mo fi ń gbé òṣùwọ̀n àti oògùn ibà lọ sí àwọn oko ìhà Goubi, níbi tí mo ti ń wọn àwọn ọmọ wò lóṣooṣù. Táyà rẹ̀ nípọn, kò sì ní rọ́bà inú, èyí tí à ń pè ní ṣáńbù. Omi funfun kan ló wà níbẹ̀ dípò rẹ̀. Préventif ni orúkọ rẹ̀ lédè Faransé, ṣùgbọ́n wàrà táyà ni àwa ń pè é. Bí ẹ̀gún bá gún táyà, wàrà náà á sáré lọ síbi ihò, á sì dì síbẹ̀ bí oje igi ṣe ń dì lójú ọgbẹ́.

Ẹgbẹ́ náà ti ránṣẹ́ pé kí gbogbo àwa tí a gba kẹ̀kẹ́ gùn ún wá fún àyẹ̀wò ní Sokodé lọ́jọ́rú, kí aago mẹ́rin tó lù. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gba tèmi, iṣẹ́ mi tán nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé gbogbo oko wọ̀nyẹn.

Bàsírù ará Goubi ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi nínú ìwé àwọn tó ń dúró de kẹ̀kẹ́. Ó yà nílé wa ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ó fọwọ́ kan ìjókòó kẹ̀kẹ́.

"Ràfí, bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa o. Mo ti ra agogo tí màá so mọ́ ọn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fọ kẹ̀kẹ́ títí ó fi ń dán. Mo yọ ẹ̀gún méje kúrò lára táyà ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ní Kambolé, ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́gùn-ún jáde, ọ̀lẹ la ń pè é. N kò rò ó pé ọyẹ́ ti fẹ́ kọjá, ooru ti dé, wàrà inú táyà sì ti lè gbẹ. Àwọn ẹ̀gún tí mo yọ yẹn ló ń dí ihò tí wọ́n lu.

N kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fátẹ́gùn sí i, mo tún gùn ún. Kò pẹ́, ó tún rọ̀. Báyìí ni mo ṣe rin ọ̀nà yẹn. Oòrùn yọ lórí oko kájú àti ebè iṣu tuntun tí wọ́n ti fi koríko bò lórí, n kò rójú wò wọ́n. Ojú mi ń lọ sẹ́yìn, sórí táyà. Bí mo bá gbọ́ ìró díẹ̀, màá rò pé táyà ló tún ń tú atẹ́gùn. Erùpẹ̀ pupa bo aṣọ mi. Àwọn sémíjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà tó ń kó èrò, ń kọjá pẹ̀lú èrò méjì méjì àti ewúrẹ́ láàárín wọn. Ọ̀kan kígbe pé, "Ìyàwó, ṣé kẹ̀kẹ́ ló gbé ọ ni àbí ìwọ lo gbé e?"

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n dé Tchamba, ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún èédú ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Táyà tó ti rọ̀ náà gun orí òkúta mímú. Mo gbọ́ "fàà." Nígbà tí mo yí i wò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, ó gùn tó oríkèé ìka mi kan. Wàrà kankan kò jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fa kẹ̀kẹ́ wọ Tchamba.

Lábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí ọjà ni mo ti rí Bàbá Ṣítù, ẹni tó ń lẹ táyà. Àwọn Haúsá ń pe oníṣẹ́ yìí ní mai faci. Ẹ̀yà Kotokoli ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Sàbẹ ní Benin ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń dúró de táyà wọn. Bàbá Ṣítù yẹ kẹ̀kẹ́ wò.

"Ṣáńbù ló máa gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹnu tí a ń gbà fátẹ́gùn sí ṣáńbù tí mo ní nípọn, ihò tó wà fún un lára irin tó di táyà rẹ mú sì tín-ín-rín. Màá lù ú kó gbòòrò. Kí o tó mu omi tán, ó ti parí."

Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí a bá ti lu ihò irin yẹn gbòòrò, ẹnu táyà tòótọ́ kò ní bá a mu mọ́, atẹ́gùn á máa jáde, wàrà kò sì ní wúlò níbẹ̀ mọ́ láé. Màá dé Sokodé lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gún àkọ́kọ́ ní oko Goubi ni yóò dá mi dúró pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọbìnrin kì í sọ fún àgbàlagbà pé kó má ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ti gbé irin ìlùhò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú."

Ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ ń pariwo, kò gbọ́. Ó tẹ irin mọ́ ara kẹ̀kẹ́.

"Ẹ má lù ú, Bàbá." Ohùn mi jáde ju bí mo ti fẹ́ lọ. Àwọn ará bẹ́ńṣì yíjú sí mi. "Mo fẹ́ rán an ni."

"Rán kí ni?"

"Táyà náà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ẹ bá a gbé máṣìnnì wá. Kó tún fi bọ́tìnnì sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣítù gbé irin sílẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká wò ó."

Mo ra abẹ́rẹ́ àpò àti òwú tó le lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta àpò àgbàdo, igba fáráńkì ni méjèèjì. Ìyá mi a máa rán igbá tó bá ya, mo sì ti ń bá a di igbá mú láti kékeré. A kì í rán an létí ọgbẹ́. A ń lu ihò síwájú díẹ̀, níbi tó ṣì lágbára, òwú á lọ á bọ̀, á sì gba ara rẹ̀ kọjá. Bí a bá fà á jù, á ya sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rán táyà náà. Bàbá Ṣítù gé awẹ́ rọ́bà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, ó wá ihò ẹ̀gún méjèèje, ó lẹ gbogbo wọn. A fi omi ọṣẹ pa etí táyà, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà dún "pó, pó," ó gbá irin mú.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ló bi mí.

"Ìyá mi ń rán igbá, Bàbá."

"Mo ti rí i." Ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáráńkì, ó sì bu omi fún mi mu.

Ọ̀nà Tchamba sí Sokodé dán ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. N kò dúró jẹun. Mo ń fi ẹ̀pà sẹ́nu bí mo ti ń lọ. Nígbà tí mo dé Sokodé, mo rí àwọn obìnrin tó ń wa alùpùpù fúnra wọn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ní Kambolé. Wọ́n ń pe ìrun àsárì, aago mẹ́rin kò tíì lù, nígbà tí mo wọ àgbàlá ẹgbẹ́ náà ní àdúgbò Kouloundè. Àǹtí Mẹ́mù, ará ìlú wa tó ń se oúnjẹ fún wọn, gbé omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun ọkà bàbà àti atalẹ̀ mọ́ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń gba àlejò níbẹ̀ nìyẹn. Omi lásán ni tiwa.

Mùsíọ̀ Dàwúdà ló ń yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Faransé ló ń sọ. Ó rí òwú lára táyà, ó dúró.

"Ó ní ta ló rán an," ni Àǹtí Mẹ́mù wí.

Mo wo ilẹ̀.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ yìí. Èmi kì í wo ọkàn o."

Mùsíọ̀ Dàwúdà sọ nǹkan kan, ó tọ́ka sí ara ògiri níbi tí kẹ̀kẹ́ méjì wà. Àǹtí Mẹ́mù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní táyà tó ti ya kò gbọdọ̀ lọ sóko. Ó ní kí o fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀."

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé kékeré mi sọ̀rọ̀, láìdúró de Àǹtí Mẹ́mù. Mo ní èmi ni mo yọ ẹ̀gún. Mo ní wàrà ti gbẹ, n kò sì wò ó. Mo ní mo ṣe é kí kẹ̀kẹ́ lè dán lójú wọn ni. Mo ní wọ́n fẹ́ lu ihò irin ní Tchamba, n kò sì gbà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka pa ẹnu ihò irin náà yí ká. Lẹ́yìn náà ó fi kẹ̀kẹ́ méjì tó wà lára ògiri hàn mí. Wọ́n ti lu ihò irin méjèèjì gbòòrò. Ó ní a lè rí táyà rà, ṣùgbọ́n irú irin yẹn, kò mọ ibi tí yóò ti rí i. Ó gbé ìgò wàrà táyà fún mi, ó ní kí n dà á sí i fúnra mi, lójú gbogbo wọn. Mo tú ẹnu táyà, mo dà á, mo fátẹ́gùn sí i, mo yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún àti òsì. Wàrà yọ lójú ìrán náà, ó tó bíi orí abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó sì dì. Mùsíọ̀ Dàwúdà ní kí n máa gùn ún lọ títí òun á fi rí táyà tuntun, kí n máa wo inú rẹ̀ lóṣooṣù. Ó tún kọ orúkọ mi sínú ìwé.

Mo sùn lọ́dọ̀ Àǹtí Mẹ́mù, mo sì gbéra láàárọ̀. Ẹ̀gún kan wọ táyà iwájú kí n tó kọjá Tchamba. Ọwọ́ mi ń yún mi láti yọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi rí kẹ̀kẹ́, ó lọ gbé iyán wá. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá sọ pé "rárá" fún àgbàlagbà, inú rẹ̀ á bàjẹ́ sí mi. Bàbá Ṣítù kò bínú. Ohun tó kù fún un ni kó mọ ohun tí mo fẹ́, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n bí n kò bá sọ ọ́. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí mo mú bọ̀, sísọ ọ́ sì ṣòro fún mi ju gbogbo ọ̀nà náà lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé òṣùwọ̀n, mo kọjú sí oko Goubi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó dé ilé àkọ́kọ́, láti fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn wò. Kò sí ohun tó ṣe é.