Má-Tì-Mí Lórí Àtẹ̀gùn Ilé Gómìnà

Bí ẹ bá bá ìyá ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bá áyọ́ọ̀nù jà ni. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Ejìká ọ̀tún wọn ti ga ju ti òsì lọ, iṣẹ́ aṣọ lílọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má-Tì-Mí ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n, orúkọ náà sì nídìí: wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ti ẹlòmíràn sẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé aṣọ tirẹ̀ lé ti ẹlòmíràn lórí nítorí pé òun lówó, ìsàlẹ̀ pátápátá ni Màmá máa kó o lọ. Dókítà ní kí wọ́n sinmi nítorí ejìká yẹn. Wọ́n ní, "Dókítà mi, ṣé ìwọ lo máa wá bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ni?"

Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo fẹ́ràn ilé àtijọ́ ju oúnjẹ lọ! Nígbà tí ìjọba sọ ilé gómìnà òyìnbó di ibi tí wọ́n kó ìtàn orílẹ̀-èdè wa jọ sí, oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ wo òpó! Ẹ wo àtẹ̀gùn òkúta funfun tó fẹ̀ bí títì! Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ìyá mi ló máa ń fọ àtẹ̀gùn yẹn láyé òyìnbó."

"Háà! Ẹ ò sọ fún mi rí!"

"Ṣé o bi mí rí ni?"

Ni wọ́n bá sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ kì í fọ àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí omi ìdọ̀tí á tún ṣàn bá ibi tó ti mọ́. Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, ìyá wọn á gba ẹ̀yìn ilé wọlé, wọ́n á gba ilé ìdáná kọjá, wọ́n á jáde sí iwájú tàwọn ti korobá àti búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á kẹ̀yìn sí títì, wọ́n á kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ilẹ̀kùn ń jìnnà sí wọn. Tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé korobá, ó di ẹ̀yìn ilé. Èèwọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ gùn ún wọlé.

"Kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn yẹn tó ìyá mi," ni Màmá wí, "wọn ò sì gba ibẹ̀ wọlé rí títí wọ́n fi kú. Ó dáa, a máa lọ. Àmọ́ èmi á kọjú sí i ni, mo máa gùn ún."

Ní Sátidé, Màmá wọ aṣọ funfun kan tí wọ́n lọ débi pé tí eṣinṣin bá bà lé e, yíyọ̀ ló máa yọ̀ ṣubú. Bí a ṣe wọ géètì ni ẹ̀ṣọ́ kan nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ o. Ẹ̀yìn la ń gbà wọlé."

"Ta ló ń gba iwájú?"

"Àlejò pàtàkì nìkan ni, Màmá."

"Ó dáa. Sáré lọ sọ fún wọn pé mo ti dé."

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀ṣọ́ tó mọ ohun tó máa sọ, Màmá ti fọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn ní ìkọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́!"

"Sọ fún wọn pé arúgbó kan ló yarí. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, o wá ní kí n gba ibẹ̀ wọlé!"

Ìgbà tí ọ̀gá ibẹ̀ fi máa dé, obìnrin kan tó gbé gíláàsì ojú sórí iwájú orí, Màmá ti jókòó sókè pátápátá, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì náà wà ní títì lẹ́yìn wọn.

"Màmá, ẹ kú àbọ̀ o. Ilẹ̀kùn yìí ti gbó. À ń tọ́jú ẹ̀ ni, kó má bàa bà jẹ́."

"Ẹ ń tọ́jú ẹ̀ de ta?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ wo gbogbo ẹ̀ tẹ́rùn, n ó ní kí wọ́n ṣí iwájú kí ẹ gba ibẹ̀ jáde."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ojú tí Màmá fi wò mí ló so mí lọ́wọ́.

"Ìyá mi gba ibẹ̀ jáde láràárọ̀ ayé wọn, tàwọn ti korobá. Àwọn ló fọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà yẹn. Mi ò wá jáde, ọmọ mi. Mo wá wọlé ni. Bí ẹ ò bá ṣí i lónìí, mò ń bọ̀ lọ́la. Tí ẹ ò bá ṣí i lọ́la, ọ̀la náà ní ọ̀la."

Ọ̀gá wo àtẹ̀gùn abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú bí àwo. Ó fọwọ́ pe ẹ̀ṣọ́, àwọn méjèèjì yí gba ẹ̀yìn ilé lọ.

A dúró. Nígbà tó yá, a gbọ́ tí irin ń ró gbàgà-gbàgà nínú lọ́hùn-ún, awẹ́ ilẹ̀kùn kan sì ṣí. Orí ẹ̀ṣọ́ yọ. "Màmá, ó ti yá, ẹ wọlé."

Màmá dìde, àmọ́ wọn ò gbẹ́sẹ̀.

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ ni gómìnà máa ń fi wọlé ni?"

Ariwo sọ láàrin àwọn tó ń wò wá nísàlẹ̀! Inú ilé la ti gbọ́ ẹ̀rín ọ̀gá: "Ṣí ìkejì!" Ìkejì ti lẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi ejìká tì í. Ó ṣí gbàà, eruku bo fìlà ẹ̀ṣọ́. Ẹ gbà mí, mo rí àjà ilé náà, ó ga fíofío, ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀!

Ẹ̀ṣọ́ gbọn eruku nù, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí ẹní ẹsẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ yín."

Màmá wo ẹní, wọ́n wo ojú rẹ̀.

"Ìyá mi ti nù ún sílẹ̀ dè mí."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ dídán inú ilé náà, ejìká ọ̀tún lókè, wọ́n sì wọlé.