Ojú Mi Ni Ọmọ Mi Ń Wò, Kì í Ṣe Títì

Ọmọbìnrin mi kì í gba bisikíìtì lọ́wọ́ àlejò láìkọ́kọ́ wo ojú mi. Bí mo bá rọra ṣẹ́jú, yóò kúnlẹ̀, yóò gbà á, yóò dúpẹ́. Bí mo bá ranjú mọ́ ọn, yóò ní òun ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa á. N kì í sọ̀rọ̀, n kì í sì í juwọ́. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí a sì ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wa nìyẹn, ìbáà jẹ́ ní Accra, ìbáà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tí a jọ ń gbé ní Alajo ní Accra, tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Alata, a máa sọ pé ọmọ Alata yẹn lẹ́kọ̀ọ́, inú mi a sì dùn.

Títì ló ń bà mí lẹ́rù. Ilé ìwé rẹ̀ wà ní òdì kejì títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro ti ń já ọ̀nà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ọ̀kadà sì ń gba àárín wọn kọjá. Àràárọ̀ ni mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú sọdá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin tó ń bá mi ṣí ìsọ̀ mi ní ọjà Makola kó lọ sí Kumasi. Bọ́tìnnì, sípù àti òwú ni mo ń tà. Àwọn aránṣọ ló ń rà wọ́n, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n sì ń wá. Ọkọ mi ti máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó di dandan kí ọmọ náà máa dá sọdá.

"Ó ti dàgbà," ni ọkọ mi wí. "Èmi tí mò ń dá lọ ra ẹja ní Jamestown, mo kéré jù ú lọ."

"Ṣé ọ̀kadà wà nígbà yẹn?"

"Ẹṣin ló wà," ló fi dá mi lóhùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò bá a rẹ́rìn-ín.

Àsìkò yẹn gan-an ni olùkọ́ kan láti yunifásítì wá sí ilé ìwé wọn. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ nǹkan, pàápàá ohun tí ọmọ ń wò kó tó mọ̀ pé ó yá láti ṣe nǹkan. Ó ń wá àwọn ọmọ tí òbí wọn yóò gbà kí òun dán wọn wò lórí ọ̀rọ̀ títì. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé ọmọ mi lọ. N kò lè fi í lé àjèjì lọ́wọ́. Àṣé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana ni obìnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," ó kí mi. "Yorùbá mi ò dán mọ́rán o. Mo ń gbọ́ ọ ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ."

"Ó dán, jàre. Ó sàn ju tàwọn ọmọ àdúgbò wa lọ."

Ó ya títì sórí tábìlì, ó to ọkọ̀ ìṣeré sí i, ó sì fi ọmọlangidi onígi kékeré kan sí etí rẹ̀. Bó bá ti sún àwọn ọkọ̀ náà, ọmọ mi yóò sọ pé kí ọmọlangidi lọ tàbí kó dúró. Èmi jókòó ní ọ̀kánkán wọn. Ọmọ mi kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí mi wú. Olùkọ́ náà kò yìn ín, èmi ló ń wò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú àga yín sí ògiri."

Mo yí i. Mo gbọ́ tí olùkọ́ náà tún sún àwọn ọkọ̀. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, ohùn ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú: "Kó lọ." Mo sì gbọ́ bí ọkọ̀ kan ṣe gbá ọmọlangidi náà ṣubú gbì sórí tábìlì. N kò mọ̀gbà tí mo yíjú padà. Kì í ṣe tábìlì ni ọmọ mi ń wò. Ẹ̀yìn ọrùn mi ló tẹjú mọ́.

Olùkọ́ náà ní kó lọ ṣeré níta.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ń dáhùn látàárọ̀."

"Èmi? N kò la ẹnu!"

"Ẹnu kọ́. Ojú ni." Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Ìyá tèmi náà lójú yẹn. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi lóde, mo ṣì máa ń wá ojú rẹ̀ kiri."

Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí a bá ti kọ́ máa ń ní àmì tó ń pè é jáde. Adìyẹ tí a ń fi agolo pè wá jẹ àgbàdo, bí agolo bá ti dún, yóò sáré wá, ìbáà ṣófo.

"Ọmọ yín gbọ́n," ó ní. "Àmì tí kò tàn án jẹ rí ló dì mú. Ṣùgbọ́n ojú yín ò ní sí ní títì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wà ní Makola."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. "Ṣé kí n má wò ó mọ́ ni?"

"Ẹ máa wò ó nílé. Ní títì, ẹ má jẹ́ kó rí nǹkan kà lójú yín. Díẹ̀díẹ̀ ni o, Àǹtí. Ẹ má kàn fi í sílẹ̀ lójijì."

Awò ojú dúdú ọkọ mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó tóbi jù fún mi, ó ń yọ̀ bọ́ sórí imú. Obìnrin Gà, ọmọ onílẹ̀ Accra, tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo wọn tó dà bí ẹ̀kọ, létí títì rí wa, ó pariwo: "Alata! Ṣé ojú ló ń dùn yín àbí ẹ ti di òṣèré?"

"Òṣèré ni mí," mo dá a lóhùn. "Ẹ san owó ìran tẹ́ ẹ wò!"

Ọmọ mi gbójú sókè sí mi. "Mọ́mì, ṣé ká lọ?"

"Kí lo rí?"

Ó tún wo awò náà, kò rí nǹkan kà níbẹ̀, ó wá yíjú sí títì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tó yá, òun ló ń sọ pé kí a sọdá. Lẹ́yìn èyí ni mo jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, mo wá ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kẹ́ńkè, òun nìkan sì dúró létí títì.

Trotro kan dúró fún un. Àgbà ọkùnrin ló ń wà á, ó sì ń fọwọ́ júwe fún un pé kó máa sọdá. Ọmọ tiwa kì í kọ ohun tí àgbà bá ní kó ṣe. Láti ibi tí mo wà, mo rí ọ̀kadà kan tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn trotro náà, tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo la ẹnu láti ké. Bí mo bá ké, èmi ni yóò yíjú sí, kò sì ní wo ọ̀nà mọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mi.

Ọmọ mi kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àgbà náà, bó ṣe yẹ. Ó mi orí pé rárá. Kò kúrò lójú kan.

"Ìyáàfin, ṣé kí n sùn síbí ni?" ni awakọ̀ náà pariwo mọ́ ọn.

Ọ̀kadà náà kọjá fìrì. Ọmọ mi na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn trotro náà, ó wo apá kejì, ó sì sọdá, kò sáré.

Mo dúró títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Mò ń retí kó wẹ̀yìn, kí n lè wo ojú rẹ̀, kí ọkàn mi sì balẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ.