Ṣíbí Ìyá Afọgò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, torí ẹni tí kò bá rí i rí yóò ní irọ́ ni mò ń pa. Ohun líle kan ni, ó tóbi tó búrẹ́dì ńlá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n, kò tó ẹyin adìyẹ kan. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀; ohun tó di afẹ́fẹ́ náà mú kò ju fọ́nrán tíntìntín tí ojú kò lè rí lọ. Ẹ gbé e sórí aṣọ dúdú, àwọ̀ ojú ọ̀run ni yóò yọ. Ẹ gbé e síwájú fèrèsé, á pọ́n díẹ̀ bí oyin tí wọ́n bu omi là. Ẹ gbé bíríkì lé e jẹ́jẹ́, yóò gbé e. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójijì, yóò fọ́ bí dígí. Ẹ dáná sábẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi òdòdó sórí rẹ̀, òdòdó náà kò ní í mọ̀ pé iná wà nítòsí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ẹrójẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ ń pè é ní èéfín dídì, ìyẹn ló sì bá a mu jù.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú gbogbo wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà, afọgò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Afọgò ni wọ́n sì gbà á sí lóòótọ́ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, pé kó fọ ìgò, kó fọ abọ́, kó gbálẹ̀ yàrá ìwádìí, kó máa lọ sílé ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ló ṣàkíyèsí pé abọ́ tí obìnrin yìí bá fọ̀ kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Ó pè é, ó ní, "Ìwọ, wá wo ohun tí à ń ṣe." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun máa yí i, ikú kò jẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún gba sùúrù. Wọ́n á po oògùn méjì pọ̀, á dì nínú abọ́ bí ọ̀rá inú ọbẹ̀ àná. Omi wà nínú ohun tó dì yìí, omi náà sì gbọ́dọ̀ jáde, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kàn sá a sóòrùn, á súnkì, á fọ́ yángá. Nítorí náà wọ́n á rì í sínú sípíríìtì kó máa lé omi jáde, wọ́n á máa da ti àná nù, wọ́n á máa bu tuntun sí i, fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú ìkòkò irin tí wọ́n de ìdérí rẹ̀ pinpin. Wọ́n á fi ooru àti agbára há a mọ́ ibẹ̀, wọ́n á wá máa tú ìmí inú ìkòkò náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti àárọ̀ títí dìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí omi bíńtín bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kó tó wọnú ìkòkò, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti wọmi.

Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó máa sọ bóyá omi ti tán, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣàìsàn ju ọjọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Obìnrin yìí bá mú ṣíbí kan wá láti ilé, ṣíbí irin ìyá rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Yóò bu díẹ̀ sínú rẹ̀ nínú sípíríìtì tó fẹ́ dà nù, yóò ṣáná sí i. Á jó, á kú. Tí ìdí ṣíbí bá gbẹ, omi ti tán. Tí ó bá rin bí ibi tí ìrì sẹ̀ sí, omi ṣì wà. "Omi kì í sọ pé òun wà níbẹ̀," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Ṣíbí ló ń tú àṣírí rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Oníṣíbí.

Kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun gbọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ èéfín dídì ń mu omi ara. Orí ìka rẹ̀ ti gbẹ, ó ti dán, débi pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó wà ní ẹnu géètì kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àràárọ̀ ló ń tẹ̀ka tí ẹ̀rọ ń kọ̀ ọ́, tí ọlọ́dẹ á ṣílẹ̀kùn fún un, á ní, "Ẹ wọlé, èmi mọ̀ yín." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹrin rèé tí Dókítà dé. Ọmọbìnrin tó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, tó gbọ́n, tó sì lẹ́nu dídùn. Màámi ló ń pe Ìyá Oníṣíbí láti ọjọ́ kejì. Ẹ sì wò ó, ọkùnrin kan ṣoṣo ni Ìyá Oníṣíbí bí, ìyẹn sì ti rìn jìnnà, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ríra. Kí ẹnì kan máa pè é ní Màámi láti àárọ̀ dalẹ́, ó wọ̀ ọ́ lára.

Oṣù kejì tí Dókítà dé ló ṣe àṣìṣe rẹ̀. Wọ́n ní kó máa tú ìmí ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀ dìrọ̀lẹ́. Ó ń kánjú ibì kan, ó ṣí i gbuurú lọ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n máa gbé ìdérí kúrò, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ti di èérún: odidi méje, tí àwọn tó ń kọ́ yàrá yìnyín ń retí. Dókítà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, lílé ni wọ́n máa lé e.

"Panu mọ́," Ìyá Oníṣíbí sọ fún un. "Èmi ni mo ṣe é."

"Màámi, báwo lẹ ṣe máa sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló máa lé afọgò torí pé ó ba nǹkan jẹ́? Gbé ìwé wá."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò lé omi tán nínú méje náà, òun ni òun bà wọ́n jẹ́. Wọ́n bú u, ó tán. Ó wá mú Dókítà lọ sídìí ìkòkò, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú u. "Bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Tó o bá yára, á jí. Tó bá sì jí, ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n dọ̀la." Dókítà rẹ́rìn-ín tomi-tomi lójú. Wọ́n ní oore kì í gbé. Ẹni tó sọ ọ́ kò bá wọn ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn.

Ọkọ Ìyá Oníṣíbí, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ máa ń yára ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, bi í léèrè lọ́jọ́ kan. "O ti fi ọ̀rọ̀ ṣíbí hàn án?"

"Mo ti fi hàn án."

"Ti ìkòkò ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kí ló wá kù tó o fi pamọ́?"

"Ọmọ mi ni," ló fi dá a lóhùn. Télọ̀ fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni wọ́n ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí níbẹ̀: pátákó èéfín dídì tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn fèrèsé, tí kò sán níbì kankan. Àwọn tó ń ṣe ààrò fẹ́ ẹ, àwọn tó ń kó oògùn tí kò gbọ́dọ̀ gbóná fẹ́ ẹ, àwọn tó ń ránṣọ òtútù fẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ ní àwọn máa kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é sínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é. "Màámi, orúkọ àwa méjèèjì ni," Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá Oníṣíbí fẹ́ láyé nìyẹn: kí wọ́n kọ ọ́ síbì kan pé òun ni òun ṣe é, kí ọmọ òun rí i kà níbi tó wà. Kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Télọ̀ rán aṣọ tuntun fún un de ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Orúkọ kan ló wà níbẹ̀. Ìyá Oníṣíbí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ká etí bébà náà sókè, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá tirẹ̀ wà lódìkejì. Ẹ̀yìn bébà funfun báláú.

Ó lọ bá Olùdarí ilé iṣẹ́. Dókítà jókòó síbẹ̀. Olùdarí kò bínú, ó tiẹ̀ fún un ní àga. "Ìyá, mo wá ibi tí a lè fi yín sí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo rí." Ó fa bébà kan yọ nínú fáìlì. "Ìwé ọwọ́ yín nìyí. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ba méje jẹ́, pé ẹ ò lé omi tán. Ẹni tó kọ irú èyí, báwo la ṣe máa kọ orúkọ ẹ̀ pé ó wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ìyá Oníṣíbí wo Dókítà. "Sọ fún wọn."

Dókítà ń wo èékánná rẹ̀. "Ọ̀gá, ó ti pẹ́. Mi ò rántí dáadáa."

"Èmi gan-an ò mọ̀ pé ìwé náà wà," Olùdarí ní, ó ń dá a padà sínú fáìlì. "Dókítà ló rán mi létí."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìyá Oníṣíbí dìde. Ó dùn ún dé egungun. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tá ló ṣe é, ìbá mọ bí yóò ṣe gbé e. Ọwọ́ tó fi bo ọmọ náà láṣìírí ni ọmọ náà dì mú tó fi gbá a létí.

Ọjọ́rú ni àwọn àlejò dé, àwọn tó fẹ́ máa rà á. Dókítà ló dúró síwájú. Ìyá Oníṣíbí wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ abọ́. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń patẹ́wọ́ nígbà tí òdòdó kò jó. Bàbá kan láàárín àwọn àlejò náà nawọ́ sí i. "Ìyá wo nìyẹn?"

"Màmá tó ń bá wa fọ abọ́ ni," Dókítà dáhùn.

Bàbá náà mi orí. Ó wá bi wọ́n léèrè ohun tí ẹni tó bá gbọ́n máa bèèrè: "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé omi ti tán nínú ẹ̀ pátápátá? Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?"

Ìyá Oníṣíbí ti ẹ̀rọ omi pa. Fún ọdún mẹ́rin, ibi tí Dókítà ti ń yíjú wá òun nìyí. Kò sí ìgbà kan tí Dókítà dá ọ̀rọ̀ ṣíbí ṣe lójú èèyàn rí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ara àpírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Abọ́ ni mò ń fọ̀, sà," ó ní. "Ẹ bi ẹni tó ṣe é." Ó ń retí ìtìjú ọmọ náà. Ó ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí òun kò ní í gbà á sílẹ̀.

Dókítà kò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ṣíbí tí ọrùn rẹ̀ wọ́ jáde, ó bu sípíríìtì sí i, ó ṣáná sí i. Iná jó, iná kú. Ó gbé e yí àwọn àlejò ká kí wọ́n rí ìdí rẹ̀ tó gbẹ. "Omi kì í sọ pé òun wà níbẹ̀," ó ní. "Ṣíbí ló ń tú àṣírí rẹ̀." Ó ṣàlàyé ti ìkòkò. Ó sọ ti ọmọ tó sùn, ó sọ ti pé ẹ máa pọ̀n ọ́n dọ̀la. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín gan-an. Kò ṣì í níbì kankan. Ìyá Oníṣíbí ti kọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ sí yàrá kejì, Dókítà na ṣíbí náà sí i. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Ó gbà á. Ó fọ ṣíbí ìyá rẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ó nù ún gbẹ. Dókítà ṣì na ọwọ́, ó ń dúró de kó dá a padà. Ìyá Oníṣíbí wo ọwọ́ náà. Orí ìka Dókítà ti gbẹ, ó ti dán, bíi ti òun gẹ́lẹ́. Ó fi ṣíbí sínú báàgì rẹ̀, ó bọ́ àpírọ́ọ̀nù, ó lọ sílé. Kò padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ra ṣíbí tuntun. Ọlọ́dẹ ló wá sọ fún un nílé. Ìyá Oníṣíbí bi í léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọlọ́dẹ wolẹ̀, ó ní ó ń lọ dáadáa.