Ilé Tí Mo Kọ́ Sínú Ọkàn Mi

Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn lẹ́yìnkùlé àǹtí mi ní Ìjàn-Èkìtì, kí èéfín tó bo ojú. Ibẹ̀ ni mo sá lọ lọ́dún tí màmá mi ṣaláìsí. Mo ti kàwé jáde, n kò tíì ríṣẹ́, Adó sì ti sú mi. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ń yan gàrí tà. Èmi ni mo ń bá wọn rò ó nínú agbada.

Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo ti kọ́ ilé kan sínú ọkàn mi, ilé orí òkè, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí mo bá ti wọ ibẹ̀, ara á tù mí pẹ̀sẹ̀. Ìpadàbọ̀ ló le. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí àlá ojúmọmọ bá ṣe dùn tó ni ayé gidi ṣe ń korò tó nígbà tí ojú bá là. Nígbà tó yá, n kò fẹ́ jẹun mọ́, n kò fẹ́ wẹ̀. Ibùsùn nìkan ni mo ń fẹ́, kí n lè padà síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gàrí jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Àǹtí mi fa igi jáde lábẹ́ agbada. Wọn ò bá mi wí.

“Káàbọ̀ sí ulé,” ni wọ́n fi ohùn Ìjàn wọn sọ. “Níbo lo lọ?”

Ojú tì mí, àmọ́ mo sọ fún wọn. Wọ́n jókòó tì mí.

“Ta ni ẹ jọ ń gbébẹ̀?”

Mo fẹ́ sọ pé èmi nìkan ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Màmá mi.” Nínú ilé ọkàn mi yẹn, màmá mi wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń ká aṣọ. N kò tíì sunkún látọjọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ yẹn ni mo sun ún.

“Èmi náà ń wá ẹ̀gbọ́n mi,” ni àǹtí mi wí. “Àmọ́ tìrẹ yìí ju agbára mi lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sí ọsibítù l'Ádó. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ìsoríkọ́ ló ń ṣe mí, pé àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. “Àlá yẹn kọ́ ni àìsàn náà,” ló wí. “Ibi tí ò ń sá pamọ́ sí ni.” Mo ń lọ rí i déédéé, títí oúnjẹ fi tún ń dùn lẹ́nu mi.

Mo ṣì máa ń lá àlá ojúmọmọ, n kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti dùn jù, mo máa ń bi ara mi ní ohun tí mo ń sá fún, n ó sì wá ẹni tí n ó sọ ọ́ fún. N kì í dá ìbànújẹ́ gbé mọ́.