Pátákó Káyọ̀dé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin

Eyín iwájú méjì ni Káyọ̀dé fi sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú. Mo tètè ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ọ̀mọ̀wé tó wọ kóòtù lọ sí ìpàdé ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ìjà ni. Inú sì ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Èmi ni Súmbọ̀, ìyá Moyọ̀sọ́rẹ. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ìkọ̀tun, ọ̀dọ̀ mi sì ni àwọn tó ń ya pláànù ilé ti ń tẹ àwòrán wọn sórí bébà ńláńlá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Olúwakáyọ̀dé, ọmọ Ìdímù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, àmọ́ tí orí rẹ̀ le ju òkúta lọ. Ilé tí ó ti yà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgándò, títí dé Command, pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò sí ọ̀kan tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Orúkọ Ọ̀gá Akínbọ́lá ló máa ń wà níbẹ̀, nítorí Ọ̀gá Akínbọ́lá ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò lè fọwọ́ sí pláànù, kò sì gbọdọ̀ ri pátákó mọ́ iwájú ilé pé òun ni akitẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Káyọ̀dé á yà á, Ọ̀gá Akínbọ́lá á fọwọ́ sí i, onílé á sì máa kí Ọ̀gá Akínbọ́lá kú iṣẹ́. Ìyá ìyàwó Káyọ̀dé tilẹ̀ bi í lójú àlejò pé ṣé lóòótọ́ ló ń ya ilé, àbí ó kàn ń gbẹ́ pẹ́ńsù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó ní òun náà á wọ ẹgbẹ́. Ó padà sílé ìwé nígbà tí irun funfun ti ń yọ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Ó tún ṣe é, ó tún fìdí rẹmi. Nígbà tó wá yege, wọ́n pè é síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, wọ́n da ìbéèrè bò ó títí òógùn fi mu kóòtù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, ó nawọ́ sókè, ó búra níṣojú gbogbo wọn pé orúkọ òun kò ní sí lára ilé tí òun kò bá mójú tó.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá tààrà.

"Ìyá Moyọ̀, ẹ bá mi ṣe pátákó. Ẹ jẹ́ kí orúkọ mi tóbi."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó tóbi tó?"

"Kí ẹni tó wà nínú mọ́tò lè kà á, jàre!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín yẹn ṣe di ẹkún lójú rẹ̀, n ò mọ̀. Àwọn oníbàárà mi ń wò ó, mo sì jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n gbójú kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún un ni Alhaja Sìkírátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ike ní Ìdímù. Ilẹ̀ kékeré kan ni Alhaja rà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ilé ilẹ̀ lásán ló sì fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Káyọ̀dé ya ilé ilẹ̀ fún un. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó tó ilé ilẹ̀, Káyọ̀dé sì ri pátákó rẹ̀ mọ́ iwájú. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí ẹni tó rí tí kò mú lọ wò ó.

Jàfárù ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Olórí àwọn ajagungbalẹ̀ àdúgbò yẹn ni Jàfárù, ó sì ní ilẹ̀ bàbá òun ni wọ́n tà fún Alhaja láì sọ fún òun. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá ní ọ̀sán gangan, tàwọn ti ọ̀pá irin àti àdá. Àwọn bíríkìlà ju irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Alhaja pe Káyọ̀dé lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó yọ pátákó, kí àwọn fi ara pamọ́ títí lọ́yà á fi sọ̀rọ̀. Èmi náà pè é. Ó dá mi lóhùn pé òun ti pẹ́ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ó sì forí lé ibẹ̀.

Godswill, ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà, kò sá jìnnà, ẹ̀yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù ló sá pamọ́ sí. Òun ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

"Akitẹ́ẹ̀tì, fa pátákó ẹ tu, kó o máa lọ," ni Jàfárù wí. "Ìwọ kọ́ la bá ń jà. N ò fẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni wà lórí ilẹ̀ mi ni."

"Mi ò fà á tu."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Bó o bá láyà, ìwọ fà á tu."

Wọ́n nà án bí ẹni na bàrà. Wọ́n fi ọ̀pá irin gbá a lẹ́yìn, ó sì fapá méjèèjì gbá òpó pátákó rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tú u sílẹ̀. Jàfárù gbá irun rẹ̀ mú, ó fi ẹnu rẹ̀ gbá búlọ́ọ̀kù, ó tún fi gbá a, títí eyín fi já sínú iyanrìn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá rọ, wọ́n da sìmẹ́ǹtì tútù lé e lórí, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí òkú.

Ní ọsibítù, Alhaja sunkún, ó ní òun fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ó sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Káyọ̀dé kò béèrè ilẹ̀, kò béèrè eyín. "Pátákó mi ńkọ́?" ló ń wí. Godswill ní ó ṣì wà ní ìdúró. Káyọ̀dé bá rẹ́rìn-ín tòun ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. "Wọn ò lè fà á tu."

Wọn ò lè fà á tu kẹ̀! Jàfárù ti fara balẹ̀ wo pátákó náà ni. Ilé tó ń wó ti da jìnnìjìnnì bo gbogbo ayé, ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yà á. Níbo ni Jàfárù á ti rí orúkọ akitẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹgbẹ́, tó tún tóbi tó báyẹn? Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ tí Alhaja ti gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó di alájà mẹ́ta.

Egungun ìhà Káyọ̀dé pẹ́ kó tó san. Godswill ló padà wá sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà fún un. Ó sáré lọ bá àwọn aláṣẹ ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́; wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n wó o. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ Jàfárù ti kùn ún ní funfun. Ó lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwọn á bá a kọ̀wé, ṣùgbọ́n kó yára lọ yọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, torí bí ilé yẹn bá wó pa èèyàn, òun ni wọn á kọ́kọ́ mú.

Ó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́ kí n tẹ̀ lé e, mo sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a débẹ̀, a ò tilẹ̀ wo òkè. Pátákó nìkan la rí. Káyọ̀dé mú ṣọ́bìrì kan tó wà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orúkọ ara rẹ̀, gbàmù, gbàmù, bí ẹni ń pa ejò. Jàfárù jáde síta.

"Akitẹ́ẹ̀tì, ìwọ náà kọ́ lo ní a ò gbọdọ̀ yọ ọ́?"

Káyọ̀dé yí ṣọ́bìrì padà, ó gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ya bò wá. Mo da iyanrìn sí ọ̀kan lójú, mo gé òmíràn jẹ lápá títí ó fi ké. Àmọ́ wọ́n pọ̀ jù wá lọ. Wọ́n gbé Káyọ̀dé dùbúlẹ̀, wọ́n na apá ọ̀tún rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, apá tó fi ń yàwòrán, Jàfárù sì fò lé e. Mo gbọ́ bó ṣe dá. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Síbẹ̀ pátákó ti wó, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Káyọ̀dé yí gbirigbiri lọ sórí rẹ̀, ó fi àyà bò ó.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dúró. Ẹrù ilé ló kún inú rẹ̀. Obìnrin kan tó wà nínú oyún sọ̀ kalẹ̀, Olúwaṣìkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ó gbé sílíńdà gáàsì dání. Jàfárù yára nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Yàrá yín ti wà ní ṣíṣí."

"Ẹ má wọlé síbẹ̀!" Káyọ̀dé ń ké nílẹ̀. "Ilé yìí máa wó. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò lè gbé e. Èmi ni mo ya ìpìlẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n!"

"Ta ni yín?"

Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

Obìnrin náà gbé sílíńdà sílẹ̀. Ó wo Káyọ̀dé tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó wo pátákó tó fọ́ lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ni akitẹ́ẹ̀tì yẹn? Orúkọ yín ni mo rí níbí tí mo fi sanwó. Gbogbo wa táa gba ilé yìí, orúkọ yín la rí."

Ó nawọ́ sókè. Ìgbà yẹn la tó wo òkè. Aṣọ ọmọ jòjòló wà lórí okùn ní àjà kejì. Àwọn ọmọdé ti kó orí jọ sójú fèrèsé, wọ́n ń wo ìjà. Ní àjà kẹta, màmá àgbàlagbà kan ń gbọn ẹní.

Káyọ̀dé fẹ́ dìde, apá rẹ̀ kò jẹ́. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí wọn látilẹ̀ pé kí wọ́n jáde, kí wọ́n gbé àwọn ọmọ jáde. Jàfárù sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá a lóhùn, pé wèrè ni, ṣé wọn ò rí i bó ṣe fọ́ pátákó orúkọ ara rẹ̀ ni?

Obìnrin náà wo ẹrù tó kún inú ọkọ̀, ó ní òun ti sanwó. Ó gbé sílíńdà rẹ̀, ó sì wọlé.