Ọmọ Tó Ń Dúró Kàwé

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mò ń kọ́ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀, bẹ́ǹṣì kò tó wa. Bẹ́ẹ̀ a kò jìnnà sí èbúté Àpápá, níbi tí pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù inú ọkọ̀ òkun ti máa ń kún ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn bàbá kan kó lára pákó náà wá, wọ́n kàn án ní bẹ́ǹṣì fún wa. Àwọn ọmọ mìíràn ń gbé àpótí tí ìyá wọn fi ń jókòó dáná wá láti ilé. Ẹni tí kò rí nǹkan kan gbé, orí ẹní ló ń jókòó sí.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ohun tí àìní mú wa ṣe yìí ń ṣe àwọn kan láǹfààní. Ọmọ tó ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì kì í tòògbé lórí ẹní. Mo wá sọ ọ́ di òfin pé kí kálukú wà níbi tí yóò ti lè kàwé, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń tún kíláàsì kẹta kà. Ìyá rẹ̀ ti búra pé bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò mú un lọ kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe. Ọmọ náà kì í ṣe olódo rárá. Ìjókòó ni kò lè jókòó. Bí ìdí rẹ̀ bá ti kan bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bẹ́ǹṣì á máa mì, ìwé àwọn tó jókòó tì í á sì di jágajàga.

"Àǹtí, ẹ wò ó o! Ó tún ti ń wa mọ́tò!"

"Dírẹ́bà, ó wà o! Mo fẹ́ sọ̀!"

Mo ní kó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ojú ọ̀nà, kó gbé ìwé rẹ̀ lé sìmẹ́ńtì ojú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń parí ìṣirò rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tó máa ń gòkè tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá gún régé lórí ìlà. Òun dúró, lẹ́tà rẹ̀ jókòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó wá bá mi láàárọ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó."

"Kí ló dé? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá mà."

Ó padà sórí bẹ́ǹṣì, iṣẹ́ rẹ̀ sì tún bàjẹ́. Ìdánwò ń bọ̀, inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

Ìyá rẹ̀ ló tú àṣírí náà. Ó ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Àpápá, ó sì yà sí kíláàsì mi bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kí n tó kí i káàbọ̀, ó ti kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi forí jì í. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá ni mò ń rí i tó dúró. Mo nà án, mo tún nà án, kò jẹ́wọ́ ohun tó ṣe."

"Ẹ dìde, mà. Kò ṣẹ̀ rárá. Èmi ni mo ní kó dúró."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń kàwé ni."

"Háà! Ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń bò ó fún mi? Àbí olè ló jà?"

Bí mo ti ń ṣàlàyé tó ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀. Níkẹyìn, mo bi í pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ta ni ń jókòó ka Bíbélì fún ìjọ? Ìyẹn ló yé e. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Èmi ti gbọ́, Àǹtí. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ó máa dúró lójú fèrèsé máa ṣàlàyé fún wọn ni?"

Láti ìgbà èwe wa ni olùkọ́ ti ń sọ pé "Dìde dúró!" fún ẹni tó bá ṣẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ń dúró nínú kíláàsì láìṣẹ̀ ni mọ́nítọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ọmọ náà ṣe mọ́nítọ̀.

Ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa ránṣẹ́ pè mí. "Ẹni tó ń tún kíláàsì kà lẹ fi ṣe mọ́nítọ̀? Kí ni kí n wí fún òbí ọmọ tó gba ipò kìíní?"

"Mo fẹ́ kó lè máa dúró ni, mà."

"Kó máa dúró kẹ̀? Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ ọ́ lẹ́nu ni?"

Ó gbà fún mi títí di ìdánwò, kò sì fi ẹ̀rín gbà á. Ìyá ọmọ náà wá ń juwọ́ láti ojú ọ̀nà, ó ń wí fún àwọn tí wọ́n jọ ń rìn pé, "Ọmọ mi nìyẹn. Mọ́nítọ̀ ni." Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún ń bí mi nínú. Ṣé ó di dandan kí ọmọdé joyè kó tó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ó yege. Ó bọ́ sí kíláàsì kẹrin, lọ́dọ̀ ọkùnrin olùkọ́ kan tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan tò gbọọrọ. Pákó fẹ́lẹ́ ló pín kíláàsì wa méjèèjì níyà, nítorí náà mò ń gbọ́ ọ: "Ìwọ yìí, o tún ti ń mi bẹ́ǹṣì! Dìde dúró síbẹ̀!" Mo pa ẹnu mọ́, nítorí kíláàsì oníkíláàsì ni. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ náà wá bá mi lákòókò ìsinmi.

"Àǹtí, ọmọ yín yìí le o. Ìyà kì í dùn ún. Bí mo bá ní kó dìde, á ti mú ìwé àti bírò dání kí n tó parí ọ̀rọ̀. Lónìí, bẹ́ǹṣì kò tíì mì rárá tó ti dìde."

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Agogo lù, kálukú padà sí kíláàsì rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn pákó.

"Ìwọ! Mo ti mọ̀ ọ́ wàyí. Láti òní lọ, bí o bá ṣẹ̀ mí, ìjókòó ni ìyà rẹ."